Ta Ni Ó Tà Á Fún?

Ẹ fà mọ́ mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń pariwo ní gbangba. Ní Odò-Orò l'Ékìtì níbí, àti ní Ìkọ̀lé, títí dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣí àpótí abẹ́ ibùsùn bàbá onílé, ìwé ṣíà ni ẹ máa bá níbẹ̀. Afribank. Oceanic. Intercontinental. Skye Bank. Wọ́n kó o sínú ọ̀rá, wọ́n so ọ̀rá náà lẹ́nu pinpin, kí òjò má baà rin ín. Báǹkì tó ni ìwé ti kú, wọ́n ṣì ń gba ìwé lọ́wọ́ òjò. Ẹ bá mi pòṣé!

Ta ló wá ni àwọn ìwé wọ̀nyí? Ẹ má wo ọ̀nà ọmọ ìta rárá. Tíṣà ni. Nọ́ọ̀sì ni. Díákónì ni. Àwọn gan-an tó jẹ́ pé bí ọmọ wọn bá fi igba náírà ta Bàbá Ìjẹ̀bú, ìpàdé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n máa pè, wọ́n á ní tẹ́tẹ́ ti wọ inú ẹbí àwọn. Èyí tí àwọn fúnra wọn ń ta ńkọ́? Wọ́n ní ìdókòwò nìyẹn.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, ó kéré tán, kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Bí wọ́n ṣe ń wá owó kiri ni fọ́ọ̀mù ṣíà dé yàrá àwọn olùkọ́, tó sì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Owó kòkó wọ̀ ọ́, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọ̀ ọ́. Àwọn báǹkì tún ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ṣíà, títí kan ṣíà báǹkì tó ń yáni lówó gan-an. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà l'Ékòó kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí 20,000. Ẹni tó rà nígbà ayọ̀ yẹn, mo ti dárí jì í. Gbogbo ayé ló ń jó, òun náà bọ́ sí agbo.

Àwọn tó rà nígbà tí àìsàn ti hàn sí gbogbo ayé ni mò ń bá wí.

Báńkì Àpapọ̀ fẹ́ràn ọjọ́ Ẹtì, àbí ẹ kò kíyè sí i? Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹjọ 2009, ni Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò Soludo, lé ọ̀gá báǹkì márùn-ún dànù lẹ́ẹ̀kan náà, ti Afribank wà nínú wọn, ó sì da bílíọ̀nù 420 náírà sí báǹkì márààrún kí wọ́n má baà dákú. Ìyáàfin Cecilia Ibru ti Oceanic gbà ní kóòtù ní 2010 pé òun jẹ̀bi. Wọ́n gba dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà péré! Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Ọjọ́ Ẹtì mìíràn, 5 oṣù kẹjọ 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank, Spring Bank àti Bank PHB. Afribank sùn, ó jí, wọ́n ń pè é ní Mainstreet. Owó tó wà nínú àkáǹtì ènìyàn kò sọnù. Ṣíà nìkan ló kú. Ẹni tó ní ẹgbàá ṣíà Afribank kò ní ẹyọ kan nínú Mainstreet.

Ìyẹn tó kọ́ ọlọ́gbọ́n lọ́gbọ́n. Ní 2014, Skye Bank fi bílíọ̀nù 126 náírà ra Mainstreet yìí kan náà lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń jẹ́ AMCON. Báǹkì márùn-ún ló para pọ̀ di Skye. Ọ̀kan nínú wọn ni Cooperative Bank, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ n'Íbàdàn kí òmìnira tó dé, orúkọ rẹ̀ sì ṣì ń dùn létí àwọn àgbà wa. Skye gbé Mainstreet mì, kò dà nínú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2016, Báńkì Àpapọ̀ dá sí i, alága àti ọ̀gá àgbà kúrò nípò, wọ́n gbé Tokunbo Abiru wọlé. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò pé owó tí òfin ní kí báǹkì náà ní nílẹ̀ kò pé mọ́. Ìwé ìṣirò ọdún 2016 kò jáde. Ti 2017 náà kò jáde.

Kí ni àwọn ènìyàn wa wá ṣe? Wọ́n rà á!

Nígbà yẹn, òfin ọjà kò jẹ́ kí irú ṣíà bẹ́ẹ̀ já kọjá 50 kọ́bọ̀, nítorí náà ibẹ̀ ló na ara lé.

"Bàbá Tíṣà, ó ti kan ilẹ̀, sà. Kò tún sí ibi tó lè já sí mọ́."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Ìjọba kò ní jẹ́ kó kú. Òyìnbó kan sì ti ń bọ̀ wá rà á."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ṣe ń fi ọkàn ẹni tó tó bàbá rẹ̀ bí balẹ̀. Òyìnbó yẹn ni mo fẹ́ rí! Gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá ti ń kú lọ ní Nàìjíríà ni òyìnbó kan ń bọ̀ wá rà, a kò sì mọ ọ̀nà tó ń gbà tí kì í fi í dé.

Nígbà tí ọdún 2018 bẹ̀rẹ̀, ṣíà Skye gbéra nílẹ̀ lóòótọ́, ó kọjá náírà kan. Haa, ẹ ò bá wá wo ẹ̀rín! Ẹni tó rà á ní 50 kọ́bọ̀ ti rí owó rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Àwọn kan sáré tà. Ìlú ń kí wọn kú oríire, wọ́n ń pè wọ́n ní ọlọ́gbọ́n, èmi ni mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mò ń mi orí.

Ta ni ó tà á fún? Bí o bá mọ̀ pé ewúrẹ́ rẹ ń ṣu omi, tí o fọ ìdí rẹ̀ mọ́ lówùúrọ̀, tí o fà á lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, tí o tà á fún opó kan kí ó tó ṣubú, wọn yóò dárúkọ rẹ láàfin. Ọmọ rẹ kò ní rí ìyàwó fẹ́ ládùúgbò. Ṣíà ni kò ní ojú tí ènìyàn lè wò, ni opó náà fi pòórá. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló rà á! Ó lè jẹ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ ní Ìjẹ̀ṣà-Isu, ó lè jẹ́ aláṣọ kan l'Ábẹ́òkúta. O mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Ohun tí ò ń sáré sí kò ju pé kí ó kú sí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n tún wá ń jáde wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n ní Olúwa ló sọ sí àwọn létí pé àkókò tó láti tà. Olúwa kan náà yẹn kò wá rí ẹni tó ń rà bá sọ̀rọ̀?

Ẹ ti mọ irú ọjọ́ tó jẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹsàn-án 2018. 77 kọ́bọ̀ ni ṣíà Skye wà nígbà tí Godwin Emefiele, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé wọ́n ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀, pé Polaris Bank ló kù, pé AMCON ń kó bílíọ̀nù 786 náírà sí i. Àwọn tó ní àkáǹtì ń gba owó wọn lọ. Ṣíà tó lé ní bílíọ̀nù 13 di asán lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọjà ṣíà kì í ná ní Sátidé, kì í ná ní Sọ́ńdè, nítorí náà kò sí ibi tí ènìyàn fẹ́ sá gbà.

Ariwo inú ilé ló wá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà, ẹ má bi mí lórúkọ, tó ti gba owó gírátúítì rẹ̀ tipẹ́, tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìjọba kò tíì san án. Ta ló fẹ́ já a nírọ́? L'Ékìtì níbí, ìjọba kì í tètè san gírátúítì, gbogbo wa ló mọ̀. Irọ́ tí ìjọba ti bá ni ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Nígbà tí ìròyìn Skye dé, ojú rẹ̀ funfun, ìyàwó fi ọgbọ́n wádìí, gbogbo rẹ̀ sì tú. "Ulé wa tí a kò tíì kan òrùlé rẹ̀ ńkọ́?" Ó kan dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá ìyàwó sunkún o. Ó yára dárí jì í jù. Ìyá arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wọn ló sọ fún wa pé ṣíà Oceanic wà nínú àpótí tìrẹ náà láti ìgbà Soludo, àti pé èésú àwọn obìnrin ìjọ, tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́, ni ó fi rà á. Òótọ́ ni tàbí irọ́, èmi kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé kò ṣe akápò mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé e dé. Wọ́n ní kí báǹkì tó bá fẹ́ máa ṣòwò dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500 náírà nílẹ̀, wọ́n sì fún wọn títí di 31 oṣù kẹta 2026. Oṣù méjì ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìkéde yẹn, wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Wọ́n yí ọjọ́ padà lọ́tẹ̀ yìí, Ọjọ́ Ajé ni. Fọ́ọ̀mù kò tún sí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, orí fóònù ló wà, ènìyàn lè wà lórí ibùsùn kó fi ìka rà á lójú ìyàwó rẹ̀, kí onítọ̀hún má mọ̀. Bàbá Tíṣà ti ra fóònù ńlá. Ọmọ iléèwé gíga kan láti Ìkọ̀lé ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ náà ń fi orúkọ àwọn báǹkì ńláńlá hàn án, èyí tó ń pín èrè lọ́dọọdún, bàbá gbé awò rẹ̀ sójú, ó ní, "Fi àwọn yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Bá mi wá èyí tó ti kan ilẹ̀."