Àlàó Ń Ki Ẹ́ńjìnnì

(Ọjà Ládípọ̀, ní Mushin, l'Ékòó. Àlàó, tó ń ta ẹ́ńjìnnì, gbé ọ̀kan sórí táyà, ó ń fi kẹrosíìnì nù ún. Ìyá Ọlọ́ìlì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.)

ÀLÀÓ: 2JZ, ọmọ Toyota! Ọmọ onísílíńdà mẹ́fà tó tò gbọọrọ bí ọmọ ilé kéú! Táábò méjì, imú méjì, èémí méjì! Ìyá, ẹ bá mi gbè é.

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: N ò gbè. Oníbàárà tó fẹ́ pè ẹ́ láti Ìbàdàn, ṣé orin ló fẹ́ rà?

ÀLÀÓ: Ẹ́ńjìnnì Supra ló fẹ́ rà. Ta ní í mú ọmọ ọba jáde láìkì í?

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe sí i ni kó o sọ.

ÀLÀÓ: Gbogbo ẹ̀ ló tuntun!

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Blọ́ọ̀kù náà tuntun?

ÀLÀÓ: Blọ́ọ̀kù... irin gidi ni, kì í ṣe àlùmíníọ̀mù yẹpẹrẹ.

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Kránkì ńkọ́?

ÀLÀÓ: Èyí tó bá a wá láti Japan ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ni?

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: “Gbogbo ẹ̀” ti ń dín kù o. Sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ gbé blọ́ọ̀kù lọ bọ́ọ̀, ihò sílíńdà tó jẹ́ mìlímítà 86 di 86.5. Písítìn tuntun, ríǹgì tuntun, bẹ́ríǹ tuntun. Ẹ fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì onírin sí i. Fi fọ́tò inú sílíńdà hàn án kó rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó gba ara wọn kọjá. Rísíìtì ńkọ́?

ÀLÀÓ: Ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu yín o! Ẹ gbọ́ tèmi. Síísíì 2997 ni nígbà tó kúrò ní Japan. Ó dé Ládípọ̀, ó jẹ ẹ̀bà, ó sanra!

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Ó di 3032. Kọ ìyẹn sílẹ̀.

ÀLÀÓ: Kí n kọ agbára ẹṣin 700 tì í?

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Ibo lẹ ti wọ̀n ọ́n?

ÀLÀÓ: Ó hàn lójú ẹ̀.

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Àlàó!

ÀLÀÓ: Ìyá, àwọn ará Japan gan-an kì í sọ òótọ́. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò níbẹ̀ fẹnu kò pé kẹ́nikẹ́ni má polówó ju 280 lọ, títí di 2004. Èyí tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, 320 ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n bu tiwọn kù, mo bù kún tèmi. Ọ̀rọ̀ dọ́gba!

(Ó yẹ kí ẹnìkan dá Àlàó lẹ́kun níbí. Kì í ṣe èmi.)

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Táábò wọn ò rí bákan náà. Ti Japan, seramíkì ni fáànù tí èéfín ń yí nínú rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, irin. Bí ẹni tó rà á bá gbé agbára atẹ́gùn sókè jù, seramíkì á fọ́. Èwo ló wà lára èyí?

ÀLÀÓ: Onítáábò méjì, ọmọ afẹ́fẹ́-tó-ń-sáré-bá-ara-ẹ̀...

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Mo bi ọ́ léèrè! (Ó fa àkísà tó dí ẹnu táábò, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó mi fáànù lọ, ó mi í bọ̀.) Seramíkì ni. Kò jó sọ́tùn-ún sósì. Ó ṣeé tà. Sọ fún un pé táábò àtijọ́ ni, kó má sì tẹ̀ ẹ́ jù kí ríǹgì tó jókòó. Kó tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́.

ÀLÀÓ: Ọ́ìlì ta ni?

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Tèmi.

ÀLÀÓ: Ẹ̀n-ẹ́n! Àwa méjèèjì là ń polówó!

(Fóònù dún.)

ÀLÀÓ: Ẹ ǹlẹ́ sà! Kọ́mpírẹ́ṣọ̀n? Ó wà sà! (Ó ń lu blọ́ọ̀kù.) Sílíńdà kìíní, 155! Ìkarùn-ún, 150!

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: 156! Kà á láti kìíní dé ìkẹfà!

ÀLÀÓ: Bí iná ṣe ń mú wọn ni mò ń kà á: ọ̀kan, àrún, ẹ̀ta, ẹ̀fà, èjì, ẹ̀rin. Ìkẹta, 170!

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: 157!

ÀLÀÓ: Ìkẹfà, 160!

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: 155!

OHÙN LÓRÍ FÓÒNÙ: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbè yẹn? Ẹ gbé fóònù fún un.

ÌYÁ ỌLỌ́ÌLÌ: Ẹ káàsán sà. Ìkejì, 156, ìkẹrin, 155. Wọn ò jìnnà síra. Táábò àtijọ́ ni, seramíkì. Rísíìtì bẹ́ríǹ àti písítìn wà níbí.

OHÙN: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yẹn ki í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó mi ló ń kó owó jáde, ó sì ń gbọ́ wa.

ÀLÀÓ (ó wú ikọ́): Ìyá, ẹ múra. Ẹ ó gbè é.