Ẹmu Ará Abẹ́òkúta Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà pariwo. Ṣé ẹ gbọ́ ti bàbá ẹni ọdún 68 kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó jí ní ìdájí, tó yọ́ jáde, tó lọ fẹ́ akọ̀wé rẹ̀, ọmọ 30 ọdún, ní ṣọ́ọ̀ṣì? Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Nínú oṣù Kìíní ọdún 1957, nínú òtútù òyìnbó tó ń mú eyín gbá ara wọn. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí alága ìdúró, kò sí alága ìjókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń gbé láti 1946 pàápàá, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí kí òun náà tó gbọ́. Ẹ sọ òótọ́: nínú ọgbà wa yìí ní Kubwa, ta ló tó bẹ́ẹ̀, tí Ìyá Alákàrà kò ní mọ̀ kó tó da ẹ̀wà sínú epo?

Ẹ má bínú sí bàbá náà ṣá. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ ṣàìsàn ọpọlọ, ilé ìtọ́jú ló sì kú sí ní 1947. Ọmọbìnrin yìí ní tirẹ̀, Valerie lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 14 ló wà níléèwé tó ti gbọ́ ewì bàbá náà, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ. Ó wáṣẹ́ akọ̀wé kiri títí ó fi rọra balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní 1949. Ó lé ní ọdún méje tó fi ń tẹ lẹ́tà fún un kí lẹ́tà tó di ìyàwó. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń kánjú, ṣé ẹ ń gbọ́?

T. S. Eliot lorúkọ bàbá náà. Ará Amẹ́ríkà tó di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, akéwì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1948, tó sì ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní báńkì Lloyds fún ọdún mẹ́jọ, tòun ti táì lọ́rùn. Ẹ wo ojú rẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ ó rò pé alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Irọ́ ni! Ọ̀gá aláwàdà ni. Ó máa ń fún àlejò ní sìgá tó ń bú gbàù. Ẹ ti mọ Bàbá Landlord wa tó máa ń di ojú rẹ̀ koko bí ẹni tó fẹ́ gba owó ilé, kó sì jẹ́ pé ẹ̀rín ló ń há mọ́ ọ lẹ́nu. Irú wọn ni.

Wọ́n pọ̀ nínú agbo wọn, àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, wọ́n sì ń wọlé jáde síra wọn bí ará agbo ilé. Virginia Woolf àti ọkọ rẹ̀ Leonard ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan ní 1917, orí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n gbé e kà. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló ń to lẹ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n tẹ ewì ńlá Eliot ní 1923, ewì tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Wọ́n tún gbé ìwé James Joyce wá bá tọkọtìyàwó yìí kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ó gùn jù, àwọn ò lè ṣe é. Obìnrin kan tó ń ta ìwé ní Paris, Sylvia Beach, ló gbà á, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ ìbí Joyce gan-an ní 1922.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe tí gbogbo rẹ̀ fi dà bí ìjà? Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ tó sì parí níparí kò tún wọ̀ wọ́n lára mọ́. Ayé ti fọ́, wọ́n ní kí ìwé náà fọ́. Ẹnì kan ń sọ ti òní, ó ti yà sí ti àná, ó tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ti ìyá rẹ̀ àgbà, kó tó padà wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ìgbàlódé nìyẹn. Èmi rẹ́rìn-ín. Ṣebí báyìí ni a ti ń sọ̀rọ̀ nídìí omi ẹ̀rọ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé?

Níbo ni mo bá dé? Ẹ̀n-hẹ́n. Láti 1925 ni Eliot ti wà ní ilé ìtẹ̀wé tó wá di Faber, ó di ọ̀kan nínú ọ̀gá ibẹ̀. Ilé yẹn ni ọmọ Abẹ́òkúta kan, tí kò gba ìwé ẹ̀rí kankan tó lórúkọ, gbé ẹmu rẹ̀ wọ̀.

Amos Tútùọlá, ìyẹn ọmọ àgbẹ̀ kòkó tí wọ́n bí ní 1920. Nítorí owó iléèwé, wọ́n fi í sílé ọkùnrin ará Ìgbò kan, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n sì ń rán an níléèwé. Bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ìwé kíkà dópin síbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì bá ọmọ ogun òfurufú ọba Gẹ̀ẹ́sì lu bàbà nígbà ogun Hitler. Ogun parí, iṣẹ́ parí. Ó wá di mẹ́séńjà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, l'Ékòó.

Ẹ̀yin ará Abuja, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé mẹ́séńjà fún yín. Ẹ lọ sí Sẹkitéríàtì, ẹ ó bá wọn lórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá, fáìlì lórí itan, wọ́n ń dúró kí aago dún. Àwọn kan ń tòògbé, àwọn kan ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Tútùọlá ń kọ̀wé ní tirẹ̀. Iwin ló ń kọ. Orí bébà ìjọba!

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fọ́tò iwin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rín ti ń pa mí. Kó tó kan Faber, Tútùọlá kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Focal Press. Iṣẹ́ tiwọn, ìwé nípa fọ́tò yíyà ni. Ó ní òun ní ìtàn ọdẹ kan nínú igbó iwin, òun sì ní fọ́tò àwọn iwin náà. Ta ni kò ní fẹ́ rí fọ́tò iwin? Àwọn òyìnbó ní kó máa fi ránṣẹ́ kíákíá. Ìwé dé, ó ká a róbótó, ó fi okùn dì í. Wọ́n tú u, wọ́n yọ fọ́tò wò: àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà ni, tí wọ́n wá fi kámẹ́rà yà! Ṣé irọ́ ló pa? Fọ́tò ni, iwin sì ni. Wọ́n fi owó díẹ̀ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó di 1982 kí ìwé náà tó rí ìmọ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó jẹ́jẹ́. Tútùọlá tún rí ìpolówó ẹgbẹ́ ìtẹ̀wé Kristẹni kan nínú ìwé ìròyìn, ó bá kó ìtàn ọ̀mu, ìyẹn ọkùnrin amẹmu kan, ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ gbọ́ o, ẹgbẹ́ Kristẹni, ìtàn ọ̀mu! Àwọn yẹn kò lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù, wọ́n fi lé Faber lọ́wọ́. Faber pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mọ ilẹ̀ Áfíríkà kó wò ó bóyá ojúlówó ni. Ìwé náà jáde ní 1952.

Ẹ ti mọ ìtàn náà, àbí? Ọkùnrin kan tí kò mọ iṣẹ́ méjì ju kó máa mu ẹmu lọ. Kèrègbè 150 láàárọ̀, 75 lálẹ́. Mo ní kí Ìyá Ẹlẹ́mu tó wà lọ́nà Nyanya bá mi ṣírò rẹ̀, ó ní kí n má fi àìsàn lọ òun. Bàbá ọ̀mu náà fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Lọ́jọ́ kan adẹ́mu já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ti ń bá a mu, wọ́n túká. Kàkà kí ọkùnrin yìí wá adẹ́mu mìíràn, ó ní ìlú àwọn òkú lòun máa bá a lọ. Ìyẹn ni ìfẹ́ ọtí!

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọkùnrin arẹwà tó wá sí ọjà, tí ọmọbìnrin kan rí tó tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n dénú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó yá padà: ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó dá a padà fún olówó ẹsẹ̀, ó sanwó rẹ̀, ó kan apá, ó kan àyà, títí ó fi ku agbárí lásán. Ẹ rántí ìgbéyàwó tí a lọ ní Gwarinpa níjọ́sí? Jíìpù, yíyá. Agbádá, yíyá. Aago ọwọ́, yíyá. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tó wọ dígí dúdú, èmi gbọ́ pé a háyà àwọn náà ni. Lọ́jọ́ kejì tí gbogbo olóhun wá kó ohun wọn, ìyàwó jókòó ti ọkọ tó kù. Ó ṣojú mi, èmi ni mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un. (Ó ti rẹ́rìn-ín báyìí o. Ọkọ náà kì í ṣe ènìyàn búburú, ariwo Abuja ló wọ̀ ọ́ lára.)

Ó di ti Dylan Thomas. Akéwì ará Wales, ohùn rẹ̀ dùn bí ìlù, ṣùgbọ́n bó bá ti rí ilé ọtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ìwé ìròyìn Observer gbé ìwé ọ̀mu fún ní oṣù Keje 1952 pé kó kà, kó sọ èrò rẹ̀! Ó kà á, inú rẹ̀ dùn, ó yìn ín yìn ín, ìyìn náà sì ló sọ Tútùọlá di olókìkí. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Thomas kú ní New York, kò tíì pé 40. Mo máa ń rò ó pé bí òun àti ọ̀mu náà bá pàdé lọ́nà ìlú àwọn òkú, adẹ́mu yẹn máa ṣiṣẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì. Ní 1953, Raymond Queneau, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ti yí ìwé náà sí èdè wọn.

Nílé ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Àwọn alákọ̀wé wa ní ìtìjú ńlá dé. Irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí? Òyìnbó máa rò pé báyìí ni gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n tún ní ó jí ìtàn Fágúnwà, òǹkọ̀wé Yorùbá, kó, èyí tí ó ti jáde láti 1938. Lójú tèmi, odò kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọnmi, a kì í sì í fi ọlọ́pàá mú ẹni tó pọnmi odò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ Tútùọlá lára. Ẹni tí Lọ́ńdọ̀nù ń yìn, ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì alẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè gún! Ẹ ṣáà rò ó wò. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ọkùnrin náà pọ̀ jù, bó sì ṣe rí nìyẹn títí tó fi di alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn.

Ìbàdàn yẹn náà ni ó ti bá wọn dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ Mbari sílẹ̀ ní 1961, lẹ́bàá Dùgbẹ̀. Ṣóyínká wà níbẹ̀, J. P. Clark wà níbẹ̀, Okigbo náà wà níbẹ̀. Okigbo! Ẹ bi àwọn àgbà Fìdítì, ó kọ́ wọn ní Látìn níbẹ̀ kí ó tó lọ, ìwé ewì Eliot àti ti akéwì Pound lábẹ́ abíyá. Wọ́n sọ pé nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé pé jọ ní Kampala ní 1962, ó ní òun kì í ka ewì òun fún ẹni tí kì í ṣe akéwì. Ìgbéraga yẹn wù mí. Tútùọlá kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láyé.

Ṣóyínká ní tirẹ̀, lónìí a ń wa ọkọ̀ lórí orúkọ rẹ̀. Oṣù Kẹfà 2024 ni Ààrẹ Tinubu wá ṣí òpópónà N20 níbí, tí wọ́n sọ ọ́ ní ti Wọlé Ṣóyínká. Awakọ̀ tó gbé mi gba ibẹ̀ bi mí pé, “Màmá, mínísítà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀ ni?” Mo ní rárá o, ó ń kọ ìwé ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ìwé nìkan?” Ẹ gbà mí.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ọ̀mu náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ ọ́ di Yorùbá padà, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mu, àwọn tó ti ń bú Gẹ̀ẹ́sì Tútùọlá sì sanwó wọlé láti wò ó. Ẹ ò rí nǹkan! Ní 1981, olórin méjì, Brian Eno àti David Byrne, fi orúkọ ìwé Tútùọlá kejì tó jáde, ti igbó iwin mìíràn, kì í ṣe ti fọ́tò, sọ rẹ́kọ́dù wọn. Wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn kò tíì ka ìwé náà nígbà yẹn, orúkọ rẹ̀ ló wù àwọn.

N kò lè bá wọn wí, nítorí Bàbá Landlord wa. Àtọdún tó kọjá ló ti yá ẹ̀dà ìwé ọ̀mu tèmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi í, á di ojú rẹ̀ koko, á ní òun ń kà á lọ́wọ́, kí n má da òun láàmú, òun ti dé ibi tí adẹ́mu ti já bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà, ojú ewé kelòó nìyẹn?