Ẹ Sanwó Kí Ẹ Tó Wo Ìkòkò

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ọmọ oṣù mẹ́jọ kan sunkún ní ìlú Ṣikágò, ní Amẹ́ríkà, aráyé sì gbọ́. Kì í ṣe pé ẹkún náà le ju ẹkún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tó ti sun ún ló dá wàhálà sílẹ̀. Ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Alinea ni àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ, ilé oúnjẹ oníràwọ̀ mẹ́ta nígbà náà, níbi tí oníbàárà ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ sílẹ̀ bí ẹni ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Owó tí ẹ bá ti san, ó ti lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé òjò rọ̀, ì báà jẹ́ pé àna yín kú. Wọ́n ní ẹni tó yẹ kó bá wọn tọ́jú ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà ló yẹ àdéhùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan sì lé ní igba dọ́là. Wọ́n wo tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ọmọ, wọ́n gbé méjèèjì lọ.

Ọmọ sunkún, àwọn tó ń jẹun bínú. Grant Achatz, ọ̀gá alásè, bọ́ sórí Twitter, ó ń bi aráyé léèrè bóyá kí òun ní kí wọ́n má kó ọmọdé wá mọ́, àbí kí àwọn yòókù máa fara da ẹkún. Ó tún béèrè pé ṣé èèyàn máa ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ síbi eré orí ìtàgé, ṣé wọ́n máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọrin. Kò pẹ́ tí aláwàdà kan fi ṣí ojú ewé sórí Twitter lórúkọ ọmọ náà, tí ọmọ oṣù mẹ́jọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn bí àgbà. Àwọn kan ní òbí ló jẹ̀bi, àwọn kan ní alásè ni. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó rí tó fi figbe ta. Èmi fura pé owó oúnjẹ ló rí.

Ní owó tiwa nígbà náà, igba dọ́là ń lọ bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sefà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Benin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 jẹ́ 52,000 sefà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ní Sakété á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù méjì, kò ní jẹun, kò ní sanwó ilé, kò ní gun ọ̀kadà zẹ́mìjàn, kó tó lè lọ gbọ́ ẹkún ọmọ Ṣikágò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹkún ọmọ ará ilé kejì ń wọlé wá lófẹ̀ẹ́ ní gbogbo òru!

N kì bá tí dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó bá wa lójijì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ wa kan á ti Paris dé, á sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú Pobẹ̀ níhìn-ín, á ní òun fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ìgbàlódé, irú èyí tí oníbàárà ń jókòó ti ilé ìdáná tó ń wo alásè bó ṣe ń sè é. Á ní ó ti wà ní Paris láti ọdún 2003. Ọ̀gá alásè kan tó ń jẹ́ Joël Robuchon ló ṣí i síbẹ̀, ó pè é ní L'Atelier, ó to àga gíga yí ilé ìdáná ká, ó ní kí àwọn olówó gorí rẹ̀ jókòó. Robuchon rí i ní Japan, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé ẹja tútù níwájú oníbàárà, ó tún rí irú rẹ̀ ní ilé ọtí àwọn ará Sípéènì, ó sì kó ọgbọ́n méjèèjì wálé. Ó jẹ́ ohun tuntun lójú àwọn olówó Yúróòpù, nítorí fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí inú àjà ilẹ̀ ni wọ́n ń ti alásè mọ́, bí ẹni pé oúnjẹ ló ń se ara rẹ̀.

Ará Pobẹ̀ á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọn á dákẹ́. Ìyá olóúnjẹ kan á wá béèrè pé: “Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe èyí tí à ń ṣe nìyẹn?”

Òun náà ni, Ìyá. Lábẹ́ àpátámù lẹ́bàá ọjà, ìkòkò wà lórí ààrò, bẹ́ńṣì wà níwájú ìkòkò, oníbàárà wà lórí bẹ́ńṣì, èéfín wà lójú oníbàárà. Ó ń wo iṣu bó ṣe ń di iyán. Ó ń rí ẹni tó ń gún un, ó ń rí òógùn iwájú orí ẹni náà, ó sì ń fi ọkàn gbàdúrà kí òógùn náà má ṣìnà. Ó na ìka sí ẹran tó wù ú, ìyá ní ẹlòmíì ti sanwó ìyẹn. Ó na ìka sí òmíràn, ìyá ní egungun ni, àmọ́ egungun tó dùn. Ọkùnrin onízẹ́mìjàn kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń ti orí àga rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n bu ata sí i. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní Pobẹ̀ àti ní Sakété, kò sì sí ìràwọ̀ kankan lórí rẹ̀ àfi èyí tí Ọlọ́run tò sójú ọ̀run.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ ti ìràwọ̀ ilé oúnjẹ yìí. Michelin ló ń pín in, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà. Lọ́dún 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé atọ́nà wọn jáde, kí àwọn ọlọ́kọ̀ Faransé lè máa rìn káàkiri, kí táyà wọn sì lè máa jẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ nípa táyà ló mọ̀ nípa ọbẹ̀, mi ò rí ìdí tí wọn kò fi gba àwọn onízẹ́mìjàn Sakété síṣẹ́. Wọ́n mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà láti Àjàṣẹ́ dé Pobẹ̀, táyà wọn jẹ tán porogodo, bí ẹ bá sì bi wọ́n ní ibi tí àkàrà ti dùn, wọn kì í ṣì yín lọ́nà.

Ẹ má rò pé mò ń ṣe ìlara. Inú mi dùn nígbà tí Georgiana Viou, ọmọ tí wọ́n bí ní Kútọnu, gba ìràwọ̀ tirẹ̀ ní ìlú Nîmes ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 2023. Inú mi dùn ní oṣù kejì ọdún 2024 nígbà tí Akoko àti Chishuru, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà. Ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù ti di ohun tí òyìnbó ń fi orúkọ sílẹ̀ fún! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí ẹnì kan máa kó gbogbo ẹ̀yẹ yẹn padà wá bá wa nílé, tí yóò gbé àwo ńlá síwájú wa, tí oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní kún ṣíbí, tí yóò fi ẹ̀mú gbé ewé kan lé e lórí, tí yóò sì kán epo pupa sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Epo pupa, ní Pobẹ̀! Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ láti ọdún 1922! Èènì ńkọ́? Àwọn onílé oúnjẹ wọ̀nyẹn ní èènì kò sí, àmọ́ wọ́n máa ń gbé oúnjẹ bíńtín kan wá lófẹ̀ẹ́ kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fúnni ní èènì kí a tó rajà, ohun tó máa gbà lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn náà kò ní kéré.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ Nàgó ń kọ́ nílé kí eyín rẹ̀ tó pé ni pé ojú kì í wo ìkòkò olóìkòkò. Bí ẹ bá dé ilé onílé tí ẹ bá wọn nídìí oúnjẹ, ẹ kọjú síbòmíì. Bí wọ́n bá ní ẹ wá jẹun, ẹ ní ẹ ti yó, kódà bí ikùn yín bá ń kùn tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ ẹnu àgbà tó ń jẹun, ìyá rẹ̀ á ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹran ni à ń jẹ kẹ́yìn, àgbà ló sì ń pín in. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i, wọ̀bìà ni wọn á máa pè é títí yóò fi gbéyàwó.

Ó dáa. Ẹ wá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Sakété, tí ìyá ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé oúnjẹ tí ilé ìdáná rẹ̀ wà ní gbangba yìí, ẹ gbé e sórí àga gíga níwájú ilé ìdáná. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa ṣe ni pé á kọ ẹ̀yìn sí àwọn alásè. Alásè ń fi iná dárà, iná ń ta dé àjà, ọmọ ń wo ògiri. Agbáwo á sáré wá: “Mùsíọ̀, ọmọ yín kò gbádùn ni?” Bàbá á ní: “Ó ń gbádùn, ẹ̀kọ́ ilé ló ní.” Wọ́n gbé àwo kìíní dé, ọmọ ní òun ti yó, ẹ ṣeun. Wọ́n gbé àwo kejì dé, ọmọ ní kí Ọlọ́run bù sí i. Nígbà tí àwo ẹran dé, ọmọ rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń retí àgbà tó máa pín in. Àgbà kankan kò pín in. Agbáwo rò pé kò fẹ́ ẹ, ó gbé e lọ. Àwo kejìlá kọjá báyìí. Bàbá ti san owó oṣù méjì kí ọmọ rẹ̀ tó ní ìwà ọmọlúàbí lè fi ebi sùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ẹ wo àwọn àgbà. Ọ̀gá báńkì na ọrùn. Agbẹjọ́rò dìde díẹ̀ lórí àga kó lè rí inú páànù. Dókítà ti yọ tẹlifóònù, ó ń ya ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ ní fọ́tò, ó ń bi alásè ní ohun tó fi sí i, ó sì ń wo àwo ẹni tó jókòó tì í bóyá ẹran tirẹ̀ tóbi jù. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá dán ìdajì èyí wò ní àgbàlá ẹnikẹ́ni ní Pobẹ̀, ìpàdé ẹbí ni. Àwọn wọ̀nyí ló wá ń ṣe àròyé pé ọmọdé kò mọ ìwà hù nídìí oúnjẹ.

Àwọn bàbá wa ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Nílé oúnjẹ wọ̀nyí, ọmọdé tó mọ ọwọ́ wẹ̀ á kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú.

N kò gbè sẹ́yìn àwọn òbí Ṣikágò náà o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ ọdún mẹ́ta lọ síbi oúnjẹ oníwákàtí mẹ́ta, ẹ mọ ara yín. Ọmọ ń sáré kọjá láàárín àwọn agbáwo, epo gbígbóná ń lọ lókè orí rẹ̀, ẹ ní ọmọ yìí gbọ́n. Ọmọ ń pariwo, ẹ gbé tẹlifóònù fún un, tẹlifóònù wá ń pariwo ju ọmọ lọ. Ìyá alákàrà kì í gba irú rẹ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń dúró ti agbada rẹ̀ láàárọ̀, epo sì ń ta pàrà pàrà, ṣùgbọ́n ibi tí ṣíbí gígùn rẹ̀ dé ni ààlà. Ọmọ tó bá kọjá ààlà á gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Kò kọ òfin kankan mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì ní Twitter.

Tó bá sì jẹ́ ti pé kí wọ́n má jẹ́ kí èèyàn dé ibì kan, ta ló fẹ́ kọ́ wa? Bí Orò bá ń bọ̀ níta ní Sakété, kò sí ọ̀gá Orò kan tó ń béèrè lọ́wọ́ aráyé bóyá kí àwọn tí kò yẹ kó rí i wọlé. Wọ́n ti wọlé. Àmọ́ ìbéèrè tí Ọ̀gbẹ́ni Achatz bi wá nípa eré àti orin, a ní ìdáhùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, alàgbà, à ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde lọ́dún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo aráyé, ẹ wá wò ó ní Kétu tàbí ní Pobẹ̀ kí ẹ rí àwọn tó jókòó síwájú. Ọmọdé ni. Orin Ẹ̀fẹ̀ ń lọ lóru, Ẹ̀fẹ̀ ń fi àwọn aláṣejù ìlú ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ kan figbe bọ ẹnu, ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú, Ẹ̀fẹ̀ kò sì ṣi ohùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Paris, a ò ní kí ẹ má ṣí ilé oúnjẹ yín. Ẹ ṣí i ní Pobẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀ka rẹ̀ ní Sakété. Ohun kan ṣoṣo la bẹ̀ yín kí ẹ kọ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà: àgbàlagbà tí kò bá mú ọmọdé dání kò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ náà ni yóò máa ṣẹ́jú sí i bó bá ti ń yọjú sínú ìkòkò. Kí ẹ sì fi èènì sí iyán wa lẹ́yìn tí a bá sanwó tán, kì í ṣe ṣáájú.