Iná Ọyẹ́ àti Àwọn Ará Àgbàlá Wa

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fa àpótí yẹn jókòó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń pariwo sọ. Ta ló ń dáná sun ìgbẹ́ ní ìlú wa? Gbogbo ọjà ló mọ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ síta. Àwọn ọdẹ ọ̀yà a tẹ iná bọ ìdí koríko lápá kan, wọn a dúró sápá kejì pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá. Àwọn darandaran a sun gbígbẹ kí tútù lè hù fún màlúù. Ẹni tó ń gé afárá oyin á gbàgbé ìtùfù sídìí igi. Àgbẹ̀ tó ń sun pàǹtí oko ara rẹ̀ á ní òun ń lọ mumi. Kó tó padà dé, oko ẹlòmíràn ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Mo kàn mọ̀ pé lọ́jọ́ tí iná jó oko kajú àwọn ará òkè odò, ọ̀yà ń bẹ lórí ààrò ilé kan ní àgbàlá yìí, òórùn rẹ̀ ló jí mi lójú oorun ọ̀sán. Mo dìde, mo lọ kí wọn, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ilé o." Wọn ò fún mi ní eegun lásán. Ká ní wọ́n fún mi ní ìrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé ẹnu mi á gba ọ̀rọ̀ yìí lónìí?

Ẹni tí kò gbé Òkè-Ògùn rí lè máa rò pé ètè tó ń sán nìkan ni ọyẹ́ ń mú wá. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, iná ni gbogbo wa ń ṣọ́, láti Ṣakí dé Ìgbòho dé Kìṣí. Koríko tó fi òjò ga ju èèyàn lọ ti gbẹ táútáú, ẹni tó máa ṣáná sí i nìkan ló kù. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Iná ìgbẹ́ kò gbọ́ òwe yẹn rí. Ẹni tó dá a á ti gun ọ̀kadà dé ọjà, ẹni tó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni iná ń tọ̀ lọ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ àgbàlá wa ló tọ̀ lọ. Iṣu tó ti bọ̀, tó sá sórí àpáta, iná yí àpáta náà po, kò kàn án, nítorí kò sí ohun tó máa jẹ lórí òkúta. A ti ń kí i kú oríire nígbà tí ẹ̀fúùfù gbé ẹyin iná kan fò kọjá lórí gbogbo wa, ó lọ bà lé òrùlé koríko ilé ìdáná rẹ̀. Ọwọ́ iná gan-an wà lọ́hùn-ún, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ká tó bu omi, ilé ìdáná ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹyin iná yìí ni mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kalifóníà. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn, pé púpọ̀ nínú ilé tó ń jó, kì í ṣe ọwọ́ iná ló ń là á wọlé, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé ni, tó ń bọ́ sójú ọ̀ṣọ̀rọ̀ tí ewé gbígbẹ ti dí. Ó ní lọ́dún 2018, iná jó ìlú kan tó ń jẹ́ Paradise, èèyàn 85 bá a lọ, ilé ńlá àti kékeré tó lé ní 18,000 jóná. Mo ní kí ló dé tí ọ̀run rere ń jó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ní kí ẹni tó ń gbé ẹ̀bá ìgbẹ́ níbẹ̀ tọ́jú ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà 100 yí ilé rẹ̀ ká, àwọn àdúgbò sì ń kóra jọ lábẹ́ ètò kan tó ń jẹ́ Firewise, tó ti wà láti 2002, wọ́n ń kọ wákàtí tí oníkálùkù fi ro ilẹ̀ sínú ìwé. Ó wá ní ibi tí ọkọ́ kò bá lè dé, wọ́n ń háyà ewúrẹ́. Háyà! Wọ́n ń sanwó fún ewúrẹ́ kó wá jẹun! Ẹ wo òbúkọ Bàbá Ọlọ́dẹ tó ń jẹ èlùbọ́ kiri láàárọ̀ títí dalẹ́, kò níṣẹ́, kò lábọ̀. Mo ní kó bá mi gba físà fún un. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní òun á san owó bàálù.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Láyé àtijọ́, koríko níyì. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n ń gé wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin, wọ́n ń ṣọdún sí i, ọdún bẹẹrẹ náà sì ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tí ọba ti lò lórí oyè. Koríko tí èèyàn ń wá kiri, báwo ló ṣe máa dúró de iná kó tó rí ẹni tó máa gé e? Páànù dé, kò sẹ́ni tó gé nǹkan kan mọ́. Páànù gba òrùlé lọ́wọ́ iná, ó wá fi koríko sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí ilé ìdáná Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ jó tán ni Baálẹ̀ pèpàdé. Bàbá kan dìde, ó ní ká rántí iná 1983, lẹ́yìn ọ̀dá tó kọ́kọ́ mú, tó jó oko kòkó nílẹ̀ wa títí dé Gáánà. Oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni ìjọba wa lé àwọn ará Gáánà, tí wọ́n di ẹrù sínú báàgì tí a ń pè ní Gáná-Mọ́sì-Gò dòní. Tíṣà ìṣirò wa bá wọn lọ. Kò ráyè kó bàtà rẹ̀, ẹnìkan tí ẹ mọ̀ dáadáa ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n délé, iná àti ebi ló pàdé wọn. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Gáánà ṣòfin iná ìgbẹ́. Bàbá ṣì ń ka òfin náà lórí nígbà tí akọ̀wé sùn lọ.

Ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí kò ṣòro. Kí oṣù kọkànlá tó parí, kí olúkálùkù ti ro ìdí ilé àti ààlà oko rẹ̀ dé ojú erùpẹ̀, èyí tí àwọn ará fọ́rẹ́sìtìrì ń pè ní fáyà-tírésì. Kí ìlà náà fẹ̀ jù lápá àríwá àti ìlà-oòrùn, torí ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Kí wọ́n kó koríko tí wọ́n gé kúrò nílẹ̀, torí èyí tó sùn sílẹ̀ náà ń jó. Ibi tó bá kù, kí wọ́n sun ún díẹ̀díẹ̀ nígbà tí tútù ṣì wà nínú rẹ̀, nírọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, kí àwọn ọkùnrin to ara wọn pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà ẹranko ìjọba, Old Oyo National Park, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí iná oṣù kejì tó le má bàa rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tó bá dáná láìjẹ́ kí akéde lu agogo, owó ìtánràn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Ó wá ku ta ni alága iṣẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin fi ọ̀sẹ̀ kan jà lórí ìyẹn, wọ́n ní àwọn fẹ́ aṣọ aláwọ̀ òféèfé tí orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó jà tán, àwọn obìnrin ti ro dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ọlọ́dẹ ni Baálẹ̀ fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣọ́ iná. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àwọn kan rín in lójúkorojú. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni. Ta ló mọ ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ jù ú lọ? Kò tún sí òórùn ọ̀yà sísun lẹ́yìn ilé rẹ̀ látìgbà náà, ó dùn mí díẹ̀.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́, ti ọ̀gá Èkó, èyí tó fi fáǹdéṣọ̀n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko. Ibẹ̀ ni iná gbà dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. A pè é lórí fóònù, ó ní òun wà ní mítìn. Wọ́n ní ó ń kọ́lé alájà, wọ́n ní ó ti gbé ìyàwó mìíràn lé ti àkọ́kọ́, àmọ́ owó ẹni tó máa ro ilẹ̀ kò sí. Àwọn obìnrin wọ ibẹ̀, wọ́n ro ó kanlẹ̀.

Kérésìmesì ló dé, jíìpù dúdú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ta ló wọ ilẹ̀ mi? Ta ló gé koríko mi?"

Baálẹ̀ ní, "Ṣé tìẹ ni koríko náà?"

Ó ní, "Tèmi ni, sà."

Baálẹ̀ ní, "Ó dáa. A ti ń wá ẹni tó ni ín. Koríko rẹ ló jó ilé ìdáná ìyá yìí. Páànù, igi, ìṣó, owó káfíńtà."

Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀kùn jíìpù ṣí, ìyàwó tuntun sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò bá rí léèsì, ó ṣí báàgì, ó ka owó náà sọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ó tún kúnlẹ̀ kí i. Èmi gan-an mo fọwọ́ sí i: kí ó máa jẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́.