Bàbá Dèjì àti Ìyá Dèjì Lọ Yẹ Róbọ́ọ̀tì Wò

Yíyẹ àwọn ẹgbẹ́ yòókù wò jẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú FIRST Robotics Competition, ìdíje róbọ́ọ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Dean Kamen ló dá àjọ FIRST sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989. Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé lọ́dún 1992 nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ kan ní New Hampshire, ẹgbẹ́ 28 péré ló sì wá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2024, George R. Brown Convention Center nílùú Houston ni wọ́n gbà fún àṣekágbá rẹ̀, wọ́n sì pín àwọn ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí mẹ́jọ tí wọ́n fi orúkọ àwọn onímọ̀ bíi Curie, Galileo àti Newton pè.

Nínú eré kọ̀ọ̀kan, róbọ́ọ̀tì mẹ́ta á wà ní apá pupa, mẹ́ta á wà ní apá búlúù. Ní 2024, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni eré kan. Fún ìṣẹ́jú àáyá 15 àkọ́kọ́, róbọ́ọ̀tì á máa dá ṣe é. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ á gba ìjánu. Iṣẹ́ ọdún 2024 ni kí róbọ́ọ̀tì he òrùka fóòmù aláwọ̀ ọsàn nílẹ̀, kó jù ú sínú ihò gíga tí wọ́n ń pè ní Speaker tàbí kó tì í sínú ihò tóóró tí wọ́n ń pè ní Amp, kó sì fi ara kọ́ ṣéènì nígbà tí eré bá ń parí lọ. Ní ìpele àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ló ń pín ẹni tó máa bá ẹnì kan ṣe, nítorí náà ẹni tó na ẹgbẹ́ kan láàárọ̀ lè di alábàáṣe rẹ̀ lọ́sàn-án. Tí ìpele yẹn bá parí, àwọn ẹgbẹ́ tó wà lókè tábìlì á fi ẹnu ara wọn yan alábàáṣe. Yíyàn yẹn ni gbogbo yíyẹ̀wò ń múra sílẹ̀ fún.

Bàbá Dèjì àti Ìyá Dèjì bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dèjì, ọmọ wọn, ṣe iṣẹ́ náà ní Houston. Bàbá Dèjì gbà pé ẹni tó ti ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré ò nílò ìwé kó tó mọ akin. Ìyá Dèjì ti ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, kó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ dé Texas. Kò sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta.

Ní ìsọ̀

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún róbọ́ọ̀tì ṣe láàárín eré kan sí èkejì. Ẹnikẹ́ni tó bá máa wọ àgbègbè náà gbọ́dọ̀ lo awò ìdáàbòbò. Ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ní 2024 ni bí róbọ́ọ̀tì ṣe ń rìn, ibi tó ti lè ju òrùka, ohun tó lè dá ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá 15, àti bóyá ó lè gun ṣéènì.

BÀBÁ DÈJÌ: Rọra, má jẹ́ kí wọ́n rí wa. Gba ẹ̀yìn òpó yìí.

ÌYÁ DÈJÌ: Ẹ̀yìn òpó kẹ̀? Ta lẹ̀ ń sá fún?

BÀBÁ DÈJÌ: Amí la wá ṣe. Nígbà tí Jóṣúà rán amí lọ sí Jẹ́ríkò, ṣebí orí òrùlé ni wọ́n sá pamọ́ sí?

ÌYÁ DÈJÌ: Jẹ́ríkò ò fún amí ní báàjì. Àwọn ọmọ yìí ti fún mi ní méjì, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ya róbọ́ọ̀tì wọn sí. Ẹ jáde lẹ́yìn òpó, ẹ ti pọ̀ jù ú lọ.

Ìyá Dèjì ló jàre. Ẹgbẹ́ tí kò sí nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́ lórí tábìlì ń fẹ́ kí wọ́n yan òun, nítorí náà ṣe ló ń pàtẹ ara rẹ̀ fún ẹni tó bá ń kọjá. Ohun tí Woodie Flowers, ọ̀jọ̀gbọ́n MIT tó bá Kamen gbé ìdíje náà kalẹ̀, pè ní Gracious Professionalism tún wà níbẹ̀: kí èèyàn du ipò tokuntokun, kí ìwà ọmọlúàbí má sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè yá ẹni tó ń bọ̀ wá nà án ní bátìrì.

BÀBÁ DÈJÌ: Ó dáa, mo ti rí ẹni tó máa gba ife. Àwọn tí iná ń ṣẹ́jú lára róbọ́ọ̀tì wọn yẹn.

ÌYÁ DÈJÌ: Iná? Ṣé igi Kérésìmesì lẹ wá yàn ni?

BÀBÁ DÈJÌ: Àwọ̀ méje ló ń tàn! Ẹ̀wù wọn bára mu, ìbọ̀sẹ̀ wọn bára mu, olùkọ́ wọn tún pa irun ẹ̀ láró.

ÌYÁ DÈJÌ: Ní Gbági, aṣọ tó bá ń dán jù ni mo máa ń kọ́kọ́ ki bọ omi. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ róbọ́ọ̀tì náà? Téèpù ni wọ́n fi lẹ wáyà mọ́ ọn.

BÀBÁ DÈJÌ: Téèpù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

ÌYÁ DÈJÌ: Ẹ̀rí ni. Ohun tí wọ́n bá lẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ló máa tú.

BÀBÁ DÈJÌ: Mo ti bá ọmọ wọn kan sọ̀rọ̀. Ó ní òrùka 10 ni wọ́n ń jù wọlé nínú eré kan. Kọ ọ́ sílẹ̀, 10!

ÌYÁ DÈJÌ: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti ju mẹ́wàá? Ẹ̀ẹ̀kan? Ẹ ṣeun. Bàbá Dèjì, ẹ wo ojú ewé yìí. Mo ti là á sí méjì: apá kan ń jẹ́ Ẹnu, èkejì ń jẹ́ Ọwọ́. 10 yín wà lábẹ́ Ẹnu.

Lórí àga òǹwòran

Ohun tí wọ́n gbọ́ ní ìsọ̀, eré gidi ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ mẹ́fà á jókòó pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì mú róbọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lójú, nítorí pé àpapọ̀ àmì apá kan ni pátákó ń gbé jáde, kì í sọ ẹni tó mú kí ni wá. Ní 2024, òrùka tó bá wọ Speaker nígbà tí róbọ́ọ̀tì ń dá ṣe é jẹ́ àmì 5. Lẹ́yìn ìyẹn, àmì 2 ni. Bí apá kan bá ti fi òrùka méjì sínú Amp, wọ́n lè tẹ bọ́tìnnì kan, òrùka tó bá sì wọ Speaker láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 á di 5 dípò 2. Nítorí náà, kò tó kí wọ́n ka òrùka. Wọ́n ní láti mọ ihò tó wọ̀ àti ìgbà tó wọ̀ ọ́. Wọ́n fún Bàbá Dèjì ní róbọ́ọ̀tì pupa kan láti máa kà.

BÀBÁ DÈJÌ: He é! He é! Jù ú! Góòòlù! Áà, Ọdẹ́gbàmí pátápátá nìyí!

ÌYÁ DÈJÌ: Mélòó ló ti wọlé?

BÀBÁ DÈJÌ: Ó pọ̀.

ÌYÁ DÈJÌ: Kí lẹ kọ sínú ìwé?

BÀBÁ DÈJÌ: "Kò sí irú ẹ̀."

ÌYÁ DÈJÌ: Èwo gan-an lẹ tiẹ̀ ń wò?

BÀBÁ DÈJÌ: Èyí tó ń yí bírí-bírí lọ́hùn-ún yẹn.

ÌYÁ DÈJÌ: Búlúù nìyẹn. Tiyín ti dákú sí igun láti ìgbà tí ẹ ti ń kígbe.

BÀBÁ DÈJÌ: Ìyá Dèjì, èmi ni mo rí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí lọ́dún 1980, ní Súrùlérè. A na Algeria ní 3-0, òun nìkan ló gba méjì wọlé. O fẹ́ kọ́ mi ní eré wíwò?

ÌYÁ DÈJÌ: Ó ti lé ní ogójì ọdún, ẹ ṣì rántí iye góòlù. Òrùka tó wọlé ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ẹ ò mọ iye ẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ wo la tiẹ̀ ń pe Ọdẹ́gbàmí?

BÀBÁ DÈJÌ: Mathematical.

ÌYÁ DÈJÌ: Ẹ mú Ọdẹ́gbàmí, ẹ fi Mathematical sílẹ̀.

Nídìí ìṣirò

Ní alẹ́, wọ́n á ro ohun tí wọ́n kà. Ẹni tó bá wo ọjọ́ tó dára jù nìkan á ṣi èèyàn yàn; ìpíndọ́gba ṣe pàtàkì, bí iye náà ṣe ń lọ sókè sódò sì ṣe pàtàkì pẹ̀lú.

ÌYÁ DÈJÌ: Róbọ́ọ̀tì oníná, eré márùn-ún: 9, 1, 0, 10, 2. Èyí aláwọ̀ eérú tí ẹ ní ó jọ fìríìjì: 5, 5, 6, 5, 5.

BÀBÁ DÈJÌ: 10! Ṣé o rí i? Mo ní bẹ́ẹ̀!

ÌYÁ DÈJÌ: Ẹ rò ó pọ̀. Oníná jẹ́ 22, fìríìjì jẹ́ 26. Ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún.

BÀBÁ DÈJÌ: 4.4... 5.2. Ìyàtọ̀ náà ò tó nǹkan.

ÌYÁ DÈJÌ: Ẹ padà lọ wo ibi tí wọ́n ti jẹ 1 àti 0. Tó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn la so mọ́ wọn ńkọ́? Oníbàárà tó ra ìdì mẹ́wàá lónìí, tí mi ò tún rí i mọ́, mi ò lè fi orúkọ ẹ̀ san owó ìsọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún ẹgbẹ́ tí kò ní èèyàn mẹ́fà láti jókòó kà. OPR ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà á kó àpapọ̀ àmì gbogbo eré jọ, á sì fi wá iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá.

BÀBÁ DÈJÌ: Èèyàn mẹ́ta da àmì pọ̀. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ ti ẹnì kan?

ÌYÁ DÈJÌ: Bí mo ṣe ń mọ ẹni tí kì í dáwó. Ìyá Ṣadé, Ìyá Bọ́lá àti Ìyá Rísí dáwó sínú àpò kan, ó jẹ́ 60. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kẹ́mi rọ́pò Ìyá Rísí, ó di 45. Ta ló fi 15 ju ta lọ?

BÀBÁ DÈJÌ: Ìyá Rísí ju Ìyá Kẹ́mi. Àfi tí Ìyá Ṣadé bá yọ díẹ̀ nínú tiẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

ÌYÁ DÈJÌ: Ẹ kú làákàyè! Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ọjọ́ méjì péré dájọ́. Kí gbogbo wọn máa pààrọ̀ ara wọn títí, àpò á tú àṣírí oníkálukú.

BÀBÁ DÈJÌ: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, yọ róbọ́ọ̀tì kúkúrú yìí. Kò ju ẹyọ kan wọlé. Òfo ni!

ÌYÁ DÈJÌ: Ẹ ò wo ẹni tó dúró tì. Ẹni tó ń ju 6, 2 péré ló rí jù níwájú ẹ̀. Mèguàdì ò ta ọjà kankan, àmọ́ ẹ lé e lọ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wá ka ọjà yín láàárọ̀.

Àléébù OPR nìyẹn: àmì tí ẹnì kan mú wá ló ń rí, kì í rí èyí tó gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi í rọ́pò ojú.

Eré tó kẹ́yìn ní ìpele àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà so ẹgbẹ́ Dèjì pọ̀ mọ́ oníná. Ní ìṣẹ́jú kìíní, róbọ́ọ̀tì náà dúró gbagidi láàárín pápá.

ÌYÁ DÈJÌ: Ó ti kú.

BÀBÁ DÈJÌ: Kò kú! Ṣé o ò rí iná lára ẹ̀?

ÌYÁ DÈJÌ: Mo rí i. Mo ti kọ ọ́: "Òrùka, 0. Iná, pípé."

Nígbà yíyàn

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó wà lókè ló ń di olórí apá. Ẹni kìíní á kọ́kọ́ yan, títí dé ẹni kẹjọ. Lẹ́yìn náà, ẹni kẹjọ á tún bẹ̀rẹ̀, yíyàn á sì padà sọ́dọ̀ ẹni kìíní. Ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan, èyí túmọ̀ sí pé 32 ló máa wọlé nínú ìsọ̀rí kan. Ẹni tó bá kọ ìpè, ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ pè é mọ́. Àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá wà lára àwọn olórí ló tó lè dá apá tirẹ̀ ní.

BÀBÁ DÈJÌ: Òfin tó dáa! Ó yẹ kó ti wà nígbà tí mo wá tọrọ ẹ.

ÌYÁ DÈJÌ: Mo ti kọ ẹnì kan kẹ́ ẹ tó dé. Òfin yẹn ni ì bá gbà mí.

BÀBÁ DÈJÌ: Ipò kẹfà la wà. Ìwé tèmi rèé, orúkọ mẹ́ta, ajunilọ́fà ni gbogbo wọn.

ÌYÁ DÈJÌ: Kó tó kan ẹni kẹfà, àwọn márùn-ún ti kó orúkọ mẹ́ta yẹn lọ. Ọgbọ̀n ló wà nínú tèmi. Róbọ́ọ̀tì Dèjì mọ òrùka jù sí Speaker, àbí? Ta ló máa wá fi tiẹ̀ sí Amp kí 2 lè di 5? Ata ti wà nínú ọbẹ̀, Bàbá Dèjì. Iyọ̀ la ń wá.

Fìríìjì, tí ó mọ Amp í kún, ni ẹgbẹ́ Dèjì kọ́kọ́ pè. Mèguàdì, róbọ́ọ̀tì kúkúrú yẹn, ni wọ́n pè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn yíyàn, ìwé ayẹ̀wò ṣì ń ṣiṣẹ́: òun ló ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n dí lọ́nà nínú apá kejì. Apá tó bá pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì á jáde. Èyí tó bá borí nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á lọ sí pápá Einstein, níbi tí àwọn mẹ́jọ ti ń du ife.

BÀBÁ DÈJÌ: Jẹ́ n rí ìwé yẹn. Kí ló dé tí orúkọ èmi náà fi wà níbẹ̀?

ÌYÁ DÈJÌ: Gbogbo ẹni tó bá bá mi ṣe ni mo ń yẹ̀ wò. Lábẹ́ Ẹnu, ojú ewé ti kún. Lábẹ́ Ọwọ́, mo ṣì ń wò.