Ikú Tí Wọ́n Rán Níṣẹ́ Ilé: Ẹ̀fẹ̀ Ojú Ogun Nínú Fíìmù Charlie Chaplin

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó láti fi ṣàlàyé ohun tí Charlie Chaplin ṣe nínú Shoulder Arms. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1918 ni fíìmù náà jáde, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí. Wọ́n ṣì ń sin òkú lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ Faransé.

Ẹ wo ọmọ ogun inú fíìmù náà nínú yàrà. Òùngbẹ ọtí ń gbẹ ẹ́, kò sì rí ohun tó máa fi ṣí ìgò. Ló bá na ìgò náà sókè kọjá etí yàrà. Ọ̀tá yìnbọn, ọrùn ìgò fò lọ, ó gbé e sẹ́nu. Ó na sìgá sókè bẹ́ẹ̀ náà, ọta ìbọn bá a ṣáná sí i. Ká ní orí ló nà sókè ni, òkú ni ì bá jẹ́. Chaplin kò fi ikú pa mọ́ fún wa, kò dín agbára rẹ̀ kù. Ó kàn rán an níṣẹ́ ilé ni. Nígbà tó kan ọmọ ogun náà láti yìnbọn padà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí iye ẹni tó pa. Ọta kan wá ba àṣíborí tirẹ̀, ó sì yára pa ilà kan rẹ́. Mi ò tíì rí ìṣirò ogun tó ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú The Great Dictator, lọ́dún 1940, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọkùnrin kan wọ aṣọ tó ní ọta kò lè ràn wá síwájú Hynkel, apàṣẹwàá tí Chaplin fi ṣàpẹẹrẹ Hitler. Hynkel yìnbọn fún un, ó kú. Hynkel ní iṣẹ́ ṣì kù lára aṣọ náà. Òmíràn dé fìlà tó ní páráṣúùtù ni, ó bẹ́ láti ojú fèrèsé. Hynkel yọjú wo ìsàlẹ̀, ó wá kọjú sí Herring, olóyè rẹ̀: kí ló dé tó ń fi àkókò òun ṣòfò?

Ẹ̀rín há síni lọ́fun níbẹ̀, nítorí ọta kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnì kankan mọ́. Èèyàn ni wọ́n fi ń dán an wò. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1964, Chaplin kọ ọ́ pé ká ní òun ti mọ bí ibùdó ìfìyàjẹni àwọn Násì ṣe burú tó ni, òun kì bá tí ṣe fíìmù náà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, síbẹ̀ mo dúpẹ́ pé ó ṣe é. Ẹni tó ya ìran fèrèsé yẹn ti mọ irú ọkàn tí wọ́n fi ń kọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀.