Bí Mo Ṣe Di Gbọ́mọgbọ́mọ Nítorí Máàkì

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa kò le rárá. Kí á ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù thriller kan, irú fíìmù tó máa ń mú kí àyà òǹwòran máa já pàà. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan o. Ìṣẹ́jú méjì, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe é. Kò ní kí á sọ bí ìtàn ṣe parí, kò tiẹ̀ ní kí á sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó ń wá ni pé bí ìṣẹ́jú méjì yẹn bá tán, kí inú bí ẹni tó ń wò ó pé ó tán.

Èmi ni wọ́n fi ṣe dárẹ́tọ̀ ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn yòókù lọ; èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu, ariwo mi sì pọ̀. Lóru ọjọ́ náà ni mo jókòó, mo kọ ìtàn, mo sì ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele ìpele, èyí tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pè ní storyboard. Nínú ìṣẹ́jú méjì tèmi, wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan gbé, wọ́n sọ ọ́ sínú búùtù mọ́tò, bọ́ǹbù bú, òkú ìyá rẹ̀ yọjú ní fèrèsé, ọlọ́pàá dé, àṣé ọlọ́pàá yẹn àti gbọ́mọgbọ́mọ, ìbejì ni wọ́n. Òṣèrébìnrin wa, ẹni tí a fẹ́ jí gbé, kà á tán, ó wò mí.

"Kí ló wá kù tí a ó fi ṣe fíìmù?"

Mo ní ìyẹn di apá kejì.

Kì í ṣe pé olùkọ́ kò kìlọ̀. Ó ti sọ fún wa nípa Alfred Hitchcock, ọmọ Ìlú Ọba tó lọ di ọ̀gá nídìí irú fíìmù yìí ní Amẹ́ríkà, àti ohun tó ṣàlàyé fún François Truffaut, dárẹ́tọ̀ ará Faransé, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó di ìwé ní 1966. Ó ní kí á wo àwọn méjì kan tó jókòó ti tábìlì, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Bí bọ́ǹbù bá ṣàdédé bú lábẹ́ tábìlì yẹn, òǹwòran á ta gìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti rí bọ́ǹbù náà ṣáájú, tí àwọn tó jókòó kò sì mọ̀, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni yóò fi máa làágùn. Ohun tí èmi gbọ́ nínú gbogbo àlàyé yìí ni bọ́ǹbù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀jẹ̀. Olùkọ́ ní nínú Psycho, tí Hitchcock ṣe ní 1960, omi ṣokoléètì ni wọ́n lò bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n gún obìnrin kan ní balùwẹ̀. Mo gbọ́ ṣokoléètì. Mi ò gbọ́ pé fíìmù dúdú àti funfun ni. Mo po Bournvita tó ki dáadáa, mo dà á sí òṣèrébìnrin wa lọ́rùn. Kámẹ́rà tiwa ń rí àwọ̀. Tíì ló dà sí i lára, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ẹ̀jẹ̀. A nù ún kúrò, a wá epo pupa. Epo dára lójú kámẹ́rà, mi ò ní parọ́, àmọ́ kì í gbẹ, kì í sì í fi aṣọ sílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì mú kí gbogbo wa máa ronú iṣu. Aṣọ tó wọ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mo ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilé kan tí wọn ò kọ́ parí, lẹ́yìn Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ni a ti lọ yà á. Òru ni ìtàn mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbà láti bá mi lọ síbẹ̀ lóru, èmi náà kò sì fẹ́ lọ. Mo bá rántí ọgbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fíìmù: wọ́n máa ń ya òru ní ọ̀sán gangan. Wọ́n á dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà kù, wọ́n á fi àwọ̀ búlúù kùn ún díẹ̀, òǹwòran á sì gbà pé òṣùpá ló ń ràn. Truffaut tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tiẹ̀ fi orúkọ ọgbọ́n yìí sọ fíìmù kan tó ṣe ní 1973. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ojú ọ̀run kò gbọdọ̀ hàn. Tiwa, ojú ọ̀run gba ìdajì àwòrán. Ní ọ̀gànjọ́ òru tèmi, àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ láti iléèwé nínú yúnífọ́ọ̀mù, ìyá kan sì ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, ó yà kí wa: "Ẹ kú ọ̀sán o!" Ohùn rẹ̀ nìkan ni máìkì wa gbà dáadáa ní gbogbo ọjọ́ náà.

A ya eré sísá pẹ̀lú. Òfin kan wà fún un: fi ọkàn fa ìlà kan sáàárín ìran, kí o dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, má fò ó, kí ẹni tó ń sá lọ sápá ọ̀tún má baà ṣàdédé máa sá bọ̀ sápá òsì. Èmi ń wá ibi tí òjìji wà, mò ń fo ìlà náà síwá sẹ́yìn. Nígbà tí a wá tò ó pọ̀, òṣèrébìnrin wa ń sáré lọ sápá ọ̀tún, gbọ́mọgbọ́mọ ń sáré bọ̀ sápá òsì, bí ìyàwó tó lọ pàdé ọkọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Búùtù ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Corolla àtijọ́ ti bàbá ọ̀kan nínú wa ni a gbé lọ. A fi ìborùn di òṣèrébìnrin lẹ́nu, a fi okùn so ọwọ́ rẹ̀, epo sì ti dé àyà. Gbọ́mọgbọ́mọ gbé e sínú búùtù, ó pa á dé, ó wá bú sẹ́rìn-ín: "Há há há há!" Èmi ni mo kọ ẹ̀rín yẹn sínú ìwé. Ọlọ́kadà kan ń kọjá lọ lásìkò náà. Ó dẹwọ́ eré, ó wò wá, ó sì fi iná sí i.

Ẹ rántí irú ìgbà tí a wà. Ìròyìn ìjínigbé kì í wọ́n létí ẹni. Ẹni tó bá rí ohun tí ọkùnrin yẹn rí, tó sì dákẹ́, ni kò ṣeun. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka ìmọ̀ wa fi kọ lẹ́tà sí baálẹ̀ àdúgbò náà, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, tí wọ́n sì fà á lé mi lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi. Èrò mi ni pé bí a bá ń lọ sílé, a ó yà kí wọn.

Kò pẹ́ tí àwọn fijilanté fi yọ, tàwọn ti ìbọn ṣakabùlà àti àdá. Ọ̀kan nínú wọn gbé tọ́ọ̀ṣì dání; òun nìkan ló gba òru mi gbọ́.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀!"

A dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fíìmù ni. Fíìmù ni à ń ṣe."

"Kámẹ́rà dà?"

Mo wẹ̀yìn. Ọ̀gá kámẹ́rà ti wọ igbó lọ, tòun ti kámẹ́rà. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń gbé e dúró nìkan ló kù, ojú tí àwọn ọdẹ fi ń wò ó kò sì dára.

Mo ní ẹ̀rí mìíràn. Mo fa storyboard yọ, mo nà án sí bàbá àgbà tó jẹ́ olórí wọn. Bàbá ṣí i. Àwòrán kìíní: wọ́n ń ṣọ́ ọmọbìnrin lẹ́nu géètì. Èkejì: wọ́n dì í lẹ́nu. Ẹ̀kẹta: búùtù. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí nọ́ńbà mọ́tò. Bàbá ṣí ojú ìwé tó kàn, ó rí bọ́ǹbù.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà." Ìgbéraga òǹkọ̀wé ṣì wà lára mi díẹ̀.

Wọ́n ṣí búùtù. Wọ́n tú òṣèrébìnrin wa lẹ́nu, wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ wá rí. Ó dìde jókòó nínú búùtù, ó wo epo tó wà lára aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo gbọ́mọgbọ́mọ. Ó wá wo èmi, kò sì sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí yẹn ni àlàyé Hitchcock ti yé mi yékéyéké: bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì, gbogbo wa rí i, òun nìkan ló mọ ìgbà tó máa bú.

"Mo mọ̀ wọ́n, sà," ló padà wí. "Àmọ́ ẹ lè lù wọ́n díẹ̀."

Lẹ́tà ló yọ wá. Wọ́n kó wa dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Baálẹ̀ wo déètì orí lẹ́tà náà, ó wò mí, ó pe akọ̀wé ẹ̀ka wa lórí fóònù, ó wá bá mi wí ní irú ohùn tí èèyàn kì í kọ sínú ìwé. Bí a ṣe ń jáde ni olórí fijilanté fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun lọ́kàn: ta ní ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn? Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń mú olè, òun kò tíì rí èyí tó ń rẹ́rìn-ín sókè. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi, jẹ́jẹ́ ni. Yóò tiẹ̀ kí ẹ." Mo ní a dúpẹ́ sà, mo sáré wọ mọ́tò.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá kámẹ́rà jáde nínú igbó. Kámẹ́rà ò fara pa. A dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, a ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí eré sísá àti ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tí a kọ́kọ́ yà, ohun tó wà níbẹ̀ ni ilẹ̀. Bàtà. Orúnkún mi. Èmi tí mò ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn. Bọ́tìnnì kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán tí wọ́n sì fi ń dá a dúró. Ọ̀gá kámẹ́rà ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà kan láìmọ̀, láti ìgbà náà sì ni ayé ti dorí kodò. Bí mo bá pe "Action!", kámẹ́rà á sùn, bí mo bá pe "Cut!", á jí. Iná pupa tó máa ń tàn lórí rẹ̀ bó bá ń yà ńkọ́? Èmi ni mo ní kó fi sẹ́lótéèpù bò ó, nítorí pé ó ń gún mi lójú.

Ọjọ́ kejì ni a gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ náà fún olùkọ́, kò sì sẹ́ni tó ní ojú tó máa fi padà sí Mọ́níyà. Òṣèrébìnrin wa ló rántí Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, tó ṣe ìdánwò kan ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó mú ojú òṣèré kan ṣoṣo, ojú tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sunkún. Ó fi ti àwo ọbẹ̀, ó fi ti pósí, ó fi ti obìnrin. Àwọn òǹwòran ní ọkùnrin yìí mà mọ eré ṣe o: ebi ń pa á níbí, ó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́hùn-ún, ìfẹ́ ti kó sí i lórí. Bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni. A bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú pàǹtírí wa. Gbọ́mọgbọ́mọ wà níbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti pe "Cut!", ó fara ti ògiri, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó tẹjú mọ́ ibì kan. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń rò. A rí ibi tí búùtù wà ní pípadé, a fi tẹ̀ lé ojú rẹ̀, a tún padà sí ojú rẹ̀. Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. Yàrá pa lọ́lọ́. Ẹni tó ṣe gbọ́mọgbọ́mọ fúnra rẹ̀ ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ sin òun dé yàrá òun.

Ká ní mo dáwọ́ dúró níbẹ̀ ni. Olùkọ́ ti fi ìbẹ̀rẹ̀ Se7en hàn wá, fíìmù David Fincher ti 1995, níbi tí Kyle Cooper ti to orúkọ àwọn òṣèré mọ́ ọwọ́ apànìyàn kan tó ń rán ìwé pọ̀. Ọwọ́ nìkan, ojú kò hàn. Tiwa, ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí orúkọ òun jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbà fún wọn, torí pé tèmi máa jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó wá ku orin. Ẹni tó bá wo fíìmù Yorùbá nígbà kásẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé orin ìbẹ̀rẹ̀ kì í pa àṣírí mọ́: kí orúkọ òṣèré tó tán lójú tẹlifíṣọ̀n, akọrin ti sọ ìyàwó tó máa ya wèrè àti ọ̀rẹ́ tó máa dalẹ̀. Irú orin yẹn ni mo fẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Mo kó ìtàn mi lódindi fún ìbátan mi kan tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé mi ò fetí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ títí a fi wà nínú kíláàsì.

Ẹ̀pà ń lọ lẹ́nu gbọ́mọgbọ́mọ, kò sẹ́ni tó mí nínú kíláàsì, ni akọrin bá gbóhùn sókè pé kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún ọlọ́pàá yẹn, ìbejì gbọ́mọgbọ́mọ ni.

Olùkọ́ dá fíìmù dúró.

"Ọlọ́pàá wo?"

Ó fún wa ní máàkì tó dára fún ẹ̀pà, ó sì yọ púpọ̀ kúrò lára rẹ̀ nítorí orin àti orúkọ. Eré aláwàdà ni iṣẹ́ tó kàn. Òṣèrébìnrin wa ni ẹgbẹ́ dìbò yàn ní dárẹ́tọ̀. Ní tèmi, wọ́n ní kí n lọ fún baálẹ̀ ní lẹ́tà, kí n gba ìwé pé ó ti rí i, kí n tó fojú kan kámẹ́rà.